"Kò sí nǹkan kan": irọ́ tí èmi àti ìyàwó mi fi ń dá ara wa lọ́kàn le

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ṣọ́jà. Mo ti bọ́ aṣọ náà báyìí, kò sí ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni lè fẹjọ́ mi sùn mọ́.

Àwọn ará ilé máa ń rò pé ìbọn la ń yìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Rárá o. Ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ṣọ́jà. A ó dúró de oúnjẹ, a ó dúró de ọkọ̀, a ó dúró de àṣẹ. Bí àṣẹ bá sì dé, wọ́n á ní ká ṣì dúró ná. Ìyókù rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbá, aṣọ fífọ̀, bàtà dídán, àti bẹ́ẹ̀dì títẹ́ títí aṣọ rẹ̀ á fi le bíi pákó.

Ẹsẹ̀ ni sájẹ́ńtì wa fi ń dààmú wa jù. O lè gbàgbé orúkọ bàbá rẹ, kò kàn án, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìbọ̀sẹ̀ tútù sùn, o gbé. Lálẹ́, á ní ká bọ́ bàtà, á wá máa tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, ló fi ń dẹ́rù bà wá: bí omi inú kòtò ṣe mú kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun jẹrà, tí wọ́n sì gé ti àwọn mìíràn dànù. A ó wẹ ẹsẹ̀, a ó nù ún, a ó da páúdà sí i, a ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Èyí tó tutù, àyà aṣọ là ń kì í bọ̀ kí ooru ara lè gbẹ ẹ́. Ẹ má bi mí bó ṣe ń rùn.

Tó bá di òru, ìṣọ́ ń bẹ. Wákàtí méjì lórí ìdúró, mẹ́rin fún oorun, kí o tún padà. Aago méjì sí mẹ́rin òru ni kò sẹ́ni tó fẹ́. Àkókò yẹn ni ilé máa ń wá sọ́kàn mi. Mo máa ń fọkàn rìn wọlé: mo ṣí ilẹ̀kùn tó máa ń ha ilẹ̀, èyí tí mo ṣèlérí pé màá tún ṣe kí n tó lọ, mo ya àga ńlá, mo yọjú wo àwọn ọmọ. Nígbà tí mo bá fi máa dé ibi bẹ́ẹ̀dì wa, ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi á ti dé.

Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ ibùdó náà. Àwọn ọmọ tuntun ń kùn pé wọ́n ti sọ wá di ẹlẹ́wọ̀n. Èmi náà kùn, títí di oṣù kìíní 2018, nígbà tí ariwo ta nípa àwòrán ayé tí Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, gbé jáde. Àwọn ṣọ́jà tó ń fi aago ọwọ́ tó ń kọ ipa ọ̀nà wọn sílẹ̀ sáré yí ibùdó wọn ká ní aṣálẹ̀ ti fẹsẹ̀ ara wọn ya àwòrán ọgbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń tàn yòò. Látìgbà náà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Fóònù kan ṣoṣo la wá ń tò sí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kí lèèyàn fẹ́ sọ tán nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá? "Ṣé kò sí?" "Kò sí nǹkan kan." "Ẹ̀yin ńkọ́?" "Kò sí nǹkan kan."

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan dún lẹ́yìn ọgbà. Ìyàwó mi ní, "Kí ló dún yẹn?" Mo ní ààrá ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ààrá wo ló ń dún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́gbọọgba?" Mo ní aago ti pé.

Òun náà kò ṣàìpurọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń ró, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá òfìfo. Mo ní, "Ibo lo wà?" Ó ní pálọ̀ ni, pé òun kó àga síta kí òun lè fọ ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé fún ìsinmi ni mo rí i: kò sí àga, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti tà wọ́n. Bàbá mi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà wálé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bínú, kí n má parọ́. Bàbá fúnra wọn ló dá mi lóhùn: "Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ. Kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé o fẹ́ yìnbọn fún ibà ni?"

Lóru ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi jí, ó bá mi níbi tí mo ti ń tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọmọ wa ọkùnrin.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyàwó ṣọ́jà lèmi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín, torí mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bí ọkọ̀ tí n kò mọ̀ bá dúró níwájú ilé wa, n kì í lè mí títí á fi kọjá.

Èmi ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo ohun tí n kò ní sọ fún ọkọ mi lórí fóònù sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Eyín ọmọ tó ká. Orùlé tó jò. Ọjọ́ tí mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó dé, mo gbé e fún un. Ó ka ojú ewé méjì, ó pa á dé, ó jáde lọ dúró níta. Kò tíì kà á tán dòní, n kò sì bi í.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú, tí ẹ̀yin ọkùnrin kì í sọ. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi jẹ́ ọ̀gá nílé yìí. Ó dé ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti pín iṣẹ́ fún gbogbo wa, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀! Mo ya á.

* * *

Màdáámù, ẹ ṣeun. Èmi náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ má jẹ́ ká sọ ibi tó gbà lọ. Ìyàwó mi ti ka ohun tí ẹ kọ. Ó ní kí n bá òun bi yín: olójú ewé mélòó ni ìwé yẹn?