Kẹ̀kẹ́ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn: báwo lẹ ṣe ń débi iṣẹ́ láì rí bí adìyẹ tójò pa?

ỌmọTuntunLóríKẹ̀kẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà oníkẹ̀kẹ́. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kò ju kìlómítà 7 lọ. Ìlú wa ò tutù jù, àmọ́ òjò ibẹ̀! ṣe ló kàn ń ṣẹ́ wíníwíní ṣáá láàárọ̀ lálẹ́. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì òjò olówó gọbọi, síbẹ̀ kí n tó dé ọ́fíìsì ìdí ṣòkòtò mi á ti rin gbindin, ẹrẹ̀ á wá fa ìlà gbọọrọ sí mi lẹ́yìn látìdí dé ọrùn. Lánàá ọ̀gá mi bi mí pé ṣé mo ṣubú ni. Ṣé kí n ra jákẹ́ẹ̀tì míì ni àbí kí n gbé kẹ̀kẹ́ tì?

BàbáPẹ́dà:
Àbúrò, òjò kọ́ ló ń fojú ẹ rí màbo, táyà ẹ̀yìn ẹ ni. Ìlà ẹrẹ̀ yẹn ti jẹ́wọ́. Ṣé mọ́gáàdì wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn? Èyí tó bo táyà dáadáa o, kì í ṣe ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń há mọ́ abẹ́ ìjókòó. Kó o wá so rọ́bà mọ́ ìdí ti iwájú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, torí táyà iwájú ló ń da omi sí bàtà. Èmi gé tèmi lára kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ, súkúrù méjì, ó parí.

Ìyá_Oníkẹ̀kẹ́:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà lẹ́jọ́ tiẹ̀. Téèyàn bá ń tẹ pẹ́dà kíkan nínú nǹkan tí ò gba atẹ́gùn, òógùn á ti rẹ ẹ́ kí òjò tó dé ara ẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́ lásán, súwẹ́tà wúùlù fẹ́lẹ́ ni mò ń wọ̀, bó tiẹ̀ rin ó ṣì ń móoru. Ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ míì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbi iṣẹ́. Bàtà tó bá rin, ẹ rún ìwé ìròyìn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìwé náà lọ́sàn-án.

ṢéènìMiÒGbọdọ̀Ké:
Ṣé kò sẹ́ni tó máa sọ ti bíréèkì ni? Tó bá jẹ́ èyí tó ń fún rímù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò kó tó di nǹkan kan mú, torí náà máa tètè fọwọ́ bà á kó o tó débi tó o fẹ́ dúró. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, ìdí mọ́tò kan báyìí ni mo bára mi, ọpẹ́lọpẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo fi wọ́lẹ̀. Ìlà funfun ojú títì, ọmọrí irin tí wọ́n fi bo kòtò, ewé tó ti rà, bí ilá ni wọ́n ń yọ̀. Tó o bá ti wà lórí wọn má tẹ bíréèkì, má yíwọ́. Ṣéènì ńkọ́, fi àkísà nù ún tó o bá délé kó o kán ọ́ìlì sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á dípẹtà, á máa han bí eku.

ỌmọTuntunLóríKẹ̀kẹ́:
Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni, kò sí mọ́gáàdì kankan, mo ti rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ó ṣáà rẹwà lójú mi. Ihò súkúrù ẹ̀ wà ńbẹ̀ ṣá. Ẹ̀gbọ́n, irú kẹ́ẹ̀gì wo lẹ gé?

BàbáPẹ́dà:
Èyíkéyìí. Ṣáà kọ́kọ́ ṣàn án dáadáa, ọjọ́ méjì gbáko ni tèmi fi ń hó lójú títì.