Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìbímọ àbúrò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Oyún àbúrò mi tó ń ta ata ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ti pé oṣù méje. Ìbùdó ìlera àdúgbò ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tíjọba ń sanwó rẹ̀ fún aláìní. Síbẹ̀, wọ́n tún kọ ẹrù lé e lọ́wọ́: Izal, òwú, ìbọ̀wọ́, abẹ. Ó so ìwé náà mọ́ etí ìró, ó ń sunkún.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gidi. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn aboyún tí kò ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i gbà, ta lẹ kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé ìbùdó ìlera ló ń kọ̀wé síwájú sí ọsibítù ńlá? Àbí kí n tètè kó àjọ mi?