Nǹkan ń rìn mí lórí, mi ò lè kàwé mọ́. Ibo ni kí n lọ?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ pamọ́. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Láti ìgbà tí a ti wọlé ni nǹkan ti ń rìn mí lórí bí èèrà. Bí mo bá ti ṣíwèé báyìí, á bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, á gba àtàrí, orí mi á gbóná. Mo lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹfà kí n má mọ ohun tó wí. Tó bá di aago mẹ́ta òru, ojú mi á là kedere, àyà mi á máa já. Ìrẹsì tí rúùmeètì mi sè lánàá, ṣíbí mẹ́ta ni mo jẹ.

Mọ́mì mi ní iṣẹ́ ayé ni, kí n máa bọ̀ nílé ká lọ sórí òkè. Mo lọ bá olùdámọ̀ràn kan níléèwé, wọ́n ní kí n dín fóònù kù. Ilẹ̀kùn wọn wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀, àwọn tó tò síta ń gbọ́ mi kedere. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Rúùmeètì mi ní kí n lọ rí dókítà ọpọlọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Tí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti gbé mi lọ Aro. Ta ló máa fẹ́ mi?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwa tí a dàgbà lábúlé mọ orúkọ nǹkan yìí: ọdẹ orí ni. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tó bí ọmọ kẹta. Àgbo tí a mu lọ́dún yẹn kò lóǹkà, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí títí. Ilé ìwòsàn ló padà wò ó sàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan orí rẹ o.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò: Nígbà tiwa, àtùpà la fi ń kàwé, kò sẹ́ni tí orí ń gbóná.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbóná o, ẹ ò kàn gbọ́ ni. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí nǹkan ń rìn lórí tí wọn ò lè kàwé. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló ń pè é ní “brain fag”, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ.

Àbúrò, kí n tó sọ nǹkan míì, má tijú: ṣé ó máa ń ṣe ẹ bíi kí o kú, tàbí kí o pa ara rẹ?

Ẹni tó béèrè: Mi ò ro kí n pa ara mi, mà. Àmọ́ nígbà míì tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń sọ pé bí ilẹ̀ ò bá mọ́ bá mi, kò burú.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: O ṣé tí o sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Sọ ọ́ fún rúùmeètì rẹ lálẹ́ òní. Bó bá le jù báyìí lọ, tí o bá ti ń ro ọ̀nà tí wàá gbà, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ẹ ni kí o lọ, ì báà jẹ́ lóru, kí ẹnì kan tẹ̀ lé ẹ.

Ọ̀rọ̀ Aro yìí sì máa ń dùn mí. Láyé Dókítà Adéoyè Lámbò níbẹ̀, láti bí ọdún 1954, àwọn aláìsàn máa ń wọ̀ sílé àwọn ará abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń wá gba ìtọ́jú kí wọ́n tó padà. Lónìí, ẹsẹ̀ ara wọn ni ọ̀pọ̀ fi ń wọlé, wọ́n á sì sùn sílé wọn lálẹ́.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Má tiẹ̀ kọ́kọ́ wá Aro tàbí Yaba lọ. Kílíníìkì iléèwé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wo ìwé owó iléèwé rẹ bóyá TISHIP wà níbẹ̀, adójútòfò ìlera akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí ó bá wà, gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà kílíníìkì kí o tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè dá irú àárẹ̀ yìí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ lọ rí dókítà ọpọlọ, mo fa fìlà bojú. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Olùkọ́ mi, ó di káàdì mú bíi tèmi. A wo ara wa. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ó na ẹ̀pà díẹ̀ sí mi. Títí mo fi parí iléèwé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Kọ ohun tó ń ṣe ẹ sínú ìwé o, torí gbogbo rẹ̀ ni mo gbàgbé nígbà tí mo jókòó síwájú dókítà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lo oògùn, ẹnu mi gbẹ, mo ń tòògbé, ó kù díẹ̀ kí n dà á nù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè ka ojú ìwé kan já. Má sì lọ ra oògùn oorun ní kẹ́místì fúnra rẹ.

Ìyàwó Pásítọ̀: Màmá rẹ ńkọ́? Má bá wọn jiyàn pé kò sí ayé. Sọ pé, “Mọ́mì, ẹ máa gbàdúrà, èmi á máa lo oògùn.” Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹun tí kò sùn kì í gbààwẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta gbẹrẹfu lórí òkè, sọ pé èmi ni mo ní rárá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ sí kílíníìkì láàárọ̀ yìí, rúùmeètì mi ló tẹ̀ lé mi. Dókítà ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bi mí ní nǹkankan. Lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ mi, Thursday ni mo máa lọ. Mo pe Mọ́mì, wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní aago mélòó ni, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé níbẹ̀.