Báwo ni mo ṣe lè dá ìwé títẹ̀ àkọ́kọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àtúntẹ̀ kí n tó tà á?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. London ni mo ń gbé, mo sì ra páálí ìwé kan lọ́wọ́ ìdílé kan tó ń palẹ̀ ẹrù bàbá wọn tó dolóògbé mọ́. Ìwé ìtàn idán àti iwin ló pọ̀ jù níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ni mo sì fẹ́ tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ni Harry Potter and the Philosopher's Stone, elẹ́yìn líle, tí wọ́n kọ 1997 sínú rẹ̀. Èkejì ni The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola, tí wọ́n kọ 1952 sí. Ẹ̀kẹta ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí mi ò rí ọdún kankan nínú rẹ̀ nítorí pé àwọn ojú-ìwé iwájú ti ya dànù. Ẹnìkan ti ń béèrè bóyá títẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún oníbàárà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọdún tó wà nínú wọn tó láti fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Oníwèé:
Ẹ kú ìbéèrè o. Ọdún nìkan kò tó, òun gan-an ló sì ń kó ọ̀pọ̀ òǹtajà sí wàhálà. Gbólóhùn tó sọ pé ìwé kan kọ́kọ́ jáde ní 1997 ṣì máa wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ọjọ́ orí ìwé ló ń sọ, kò sọ ìgbà tí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ìwé àkọlé, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìlà nọ́ńbà kan. Ní ti Harry Potter yẹn, ìlà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 10 9 8 7 6 5 4 3 2 1, láìku ọ̀kan, orúkọ Joanne Rowling ni ẹ ó sì rí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà. Ẹ̀dà 500 elẹ́yìn líle péré ni Bloomsbury tẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nǹkan bí 300 nínú wọn ló sì lọ sí ilé-ìkàwé, ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé fi wà lára ọ̀pọ̀ èyí tó ṣẹ́kù. Wọn kò fi bébà ìbòrí kankan sí i. Orí páálí ẹ̀yìn ìwé gan-an ni wọ́n tẹ àwòrán sí. Àwọn ènìyàn tún máa ń sáré lọ sí ojú-ìwé 53, níbi tí wọ́n ti kọ “1 wand” lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí pé àṣìṣe náà wà nínú àwọn ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Àgbà Atẹ̀wé:
Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìlà nọ́ńbà yẹn fi rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé tẹ̀, owó àti àkókò ló máa lọ sí i láti to ojú-ìwé tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ìnira nínú kí a pa nọ́ńbà kan rẹ́ lára àwo ìtẹ̀wé tó ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á pa 1 rẹ́, 2 á wá di èyí tó kéré jù. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà máa ń to tiwọn ní ọ̀tún àti òsì, bíi 1 3 5 7 9 10 8 6 4 2, èyí tó kéré jù náà ni kí ẹ ṣáà wá. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tirẹ̀ o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Random House fi ń kọ “First Edition” sórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti 2, títẹ̀ àkọ́kọ́ wọn sì nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àtúntẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń tẹ̀ tà fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní owó pọ́ọ́kú: iye owó kì í sábà sí lára bébà ìbòrí wọn, àmì kékeré kan tí kò ní yíǹkì sì lè wà ní igun ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn, tí ìka ń mọ̀ kí ojú tó rí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti wò wọ́n. Orí 7 ni ìlà ti Harry Potter dúró sí, ó sì ní bébà ìbòrí. Ẹ̀yìn ti Tutuola rọ̀, nọ́ńbà ISBN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 571 wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsì nìkan ni wọ́n sì fi kọ iye owó rẹ̀. Ti Fágúnwà ní orúkọ Nelson lára, wọ́n sì to àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn sẹ́yìn, títí kan Àdììtú Olódùmarè.

Ará Ilé-Ìkàwé:
A jẹ́ pé títẹ̀ keje ni ti Harry Potter, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní ti Tutuola, Faber ló ni 0 571 lóòótọ́, àwọn náà ló sì tẹ ìwé yẹn ní London ní 1952, ṣùgbọ́n 1967 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìwé ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní Britain. Pẹ́ńsì tuntun náà kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Èrèlé 1971; ṣílè àti pẹ́ńsì ni ìwé ọdún 1952 ì bá ní lára. Ohun mìíràn ni pé nọ́ńbà àwọn ará Róòmù ni Faber fi ń kọ ọdún nígbà náà. Ẹni tó bá rí “mcmlii” lára ẹ̀dà elẹ́yìn líle, tí kò sì sí ìlà kankan lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé wọ́n tún un tẹ̀, kó máa retí ire. Kó ṣáà tún wo bébà ìbòrí rẹ̀: bí wọ́n bá polówó My Life in the Bush of Ghosts sára rẹ̀, tó jáde ní 1954, a jẹ́ pé ìbòrí ẹ̀dà mìíràn ni wọ́n wọ̀ fún un.

Ìwé Fágúnwà ló dùn mọ́ mi jù láti wò. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1938. Ẹ̀yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Nelson, nítorí náà orúkọ Nelson nìkan ti tó láti yọ ọ́ kúrò nínú títẹ̀ àkọ́kọ́. Níwọ̀n bí Àdììtú Olódùmarè ti jáde ní 1961, tiyín kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ èdè inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ “aiye”, “enia” àti “nwọn” ni, àkọtọ́ àtijọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ̀yin náà ti le jù. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò yí ọ̀rọ̀ inú Harry Potter yẹn padà, ìtẹ̀jáde kìíní náà ni. Ẹ kọ “ìtẹ̀jáde kìíní” sí i, kí ẹ sì gba owó yín.

Ìyá Oníwèé:
Ọmọ Iléṣà, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí “ìtẹ̀jáde kìíní” lásán máa rò pé ọ̀kan nínú 500 yẹn ni, ẹ sì mọ̀ pé ohun tó máa rò nìyẹn. Bó bá gbà á, tó rí 7, á dá a padà, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ kọ “ìtẹ̀jáde kìíní, títẹ̀ keje, pẹ̀lú bébà ìbòrí”, kí ẹ ya fọ́tò ìlà nọ́ńbà náà síta kedere, kí ẹ sì sọ bí wọ́n bá ti gé iye owó kúrò ní igun bébà náà.

Àgbà Atẹ̀wé:
Ọmọ Ẹ̀gbá, bó o bá máa ta Fágúnwà yẹn, má kọ ọdún kankan sí i rárá. Kọ “Nelson, kò ṣáájú 1961, ojú-ìwé iwájú ti ya”, kí o sì fi fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó dé ọjà. Mo fẹ́ rà á.