Láti Hadoop 2 bọ́ sí 3, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Cluster wa (àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀) ṣì ń lo Hadoop 2, ìyẹn sọ́fútíwià tó ń tọ́jú dátà ńlá, Hive (tá a fi ń béèrè dátà bíi tábìlì) àti Spark (tó ń ṣe ìṣirò lórí dátà) wà lórí ẹ̀, wọ́n wá ní ká gbé e lọ sí 3. Java 8 ti wà lórí gbogbo sáfà, ìyẹn ò dà mí láàmú. NameNode (sáfà tó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà) méjì la ní, ìkan ń ṣiṣẹ́, ìkejì wà ní sẹpẹ́, mo wá ń rò ó pé kí n ṣe rolling upgrade (ká máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ láì pa cluster), kí n kọ́kọ́ ṣe prepare kí ọ̀nà àtipadà lè wà, kí n wá máa mú àwọn DataNode (àwọn sáfà tí dátà gan-an wà lórí ẹ̀) díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwọn kan ní kí n yáa pa gbogbo ẹ̀ pátá ná, èwo lẹ̀yin máa ṣe?

Hive metastore (ibi tí Hive ń kọ àlàyé àwọn tábìlì ẹ̀ sí) gan-an ló ń já mi láyà. Schematool, irinṣẹ́ Hive, ló máa yí schema ẹ̀ (bí dátábéèsì náà ṣe tò) padà, màá sì ti ṣe backup dátábéèsì ẹ̀, ṣùgbọ́n tí Spark ò bá wá gbọ́ èdè metastore tuntun yẹn ńkọ́? Àbí kí n gbé àwọn méjèèjì pọ̀ ni? Ó tún ku finalize (àṣẹ tó ń parí upgrade), torí téèyàn bá ti ṣe é, kò sí rollback (pípadà sí ti tẹ́lẹ̀) mọ́ nìyẹn, ẹ̀yin máa ń dúró tó ìgbà wo?