Ọmọ 62, bọ́ọ̀lù kan: báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn ní eré ìdárayá?

Tíṣà Píràmárì 4: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Sáà yìí ni wọ́n gbé eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ìlera lé mi lọ́wọ́, lẹ́bàá Ìséyìn níbí. Ìṣẹ́jú 40 la ní. Tí a bá dé pápá, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá á ti gba bọ́ọ̀lù, àwọn obìnrin á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa di irun ara wọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ SS (àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell), ìyá rẹ̀ ò fẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ pápá rárá. Ọ̀gá wa ní oòrùn ti mú jù, kí n kúkú kọ nóòtì sójú bọ́ọ̀dù. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbà á o, tíṣà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara wọn tó wákàtí kan lóòjọ́, irú èyí tó ń múni mí gúlegúle. Nóòtì wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn? Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà: okùn fífò, súwé, tẹn-tẹn, bọ́ọ̀lù alákìísà tí wọ́n á máa jù síra wọn, eré sísá, bọ́ọ̀lù gidi. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ fọn fèrè kí wọ́n yí ipò. Àwọn ọkùnrin pàápàá á ṣe tẹn-tẹn. Eré tí ẹni tó bá pàdánù máa ń lọ jókòó, ẹ pa á tì: ọmọ tó yẹ kó sáré jù ló máa ń jókòó pẹ́ jù.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ dákun, ẹ má lé ọmọ SS yẹn kúrò lórí pápá, ẹ má sì fi í sínú eré ìje. Kí ìyá rẹ̀ bi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè ohun tó lè ṣe. Kó mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀, kó máa mu ún láàárín eré, kó sinmi nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, láìtọrọ àyè. Òjò ò gbọ́dọ̀ pa á. Tó bá ní eegun tàbí àyà ń dun òun, ẹ dá a dúró kíá, ẹ pe ìyá rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kí inhaler rẹ̀ wà lórí pápá, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì ọ̀gá.

Bàbá Olùkọ́: Ọ̀gá yín ò purọ́ nípa oòrùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun kan wà tó ń dùn mí: ẹ má fi fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ọmọ níyà mọ́. Ọmọ tí eré ti di ìyà fún ò ní fẹ́ eré mọ́. Ẹ̀kọ́ ìlera náà, ẹ fi ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti pápá dé: ọṣẹ, omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú àáyá 20, títí dé abẹ́ èékánná. Kí oníkálukú wo ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Tíṣà Píràmárì 4: Ẹ ṣeun gan-an ni. Níbo ni n ó ti rí okùn àti bọ́ọ̀lù? Owó kankan ò sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ sí gáréèjì, ẹ tọrọ okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù tó ti já. Ẹ ki àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ẹ dì í le, ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa. Tí ọmọ bá tẹ àárín okùn mọ́lẹ̀, kí etí rẹ̀ méjèèjì dé abíyá ọmọ náà. Gígùn tó dáa nìyẹn.