Ṣé aboyún lè mu swítínà? Èmi àti ìyá ọkọ mi ò gbọ́ra wa yé

Ìyàwó_Tankẹ:
Àsàlámù àlékùm ẹ̀yin ìyá wa. Oyún mi ti wọ oṣù kẹfà, lọ́sẹ̀ tó kọjá ní àǹtínátà wọ́n fún mi ní omi glúkóòsì kan mu, ó dùn débi pé èébì fẹ́ẹ̀ gbé mi, wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ṣúgà mi ga díẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ò tiẹ̀ fara balẹ̀, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, "màmá, kò sí tíì aládùn mọ́ o," ló bá pe ẹlòmíì. Èmi tí mo máa ń ju kóró ṣúgà mẹ́rin sínú ife kan! Àbúrò ọkọ mi wá ra swítínà wá, nǹkan tí wọ́n fi ń mú tíì dùn dípò ṣúgà, sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké nínú páálí, wọ́n kọ aspartame, orúkọ irú swítínà náà, sẹ́yìn ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun ò fẹ́ rí i nílé yìí, ó máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí n máa lá oyin. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ báyìí?

Àlàájà_Pàkátà:
Ọmọ mi, má bá ìyá ọkọ ẹ jà o, ìfẹ́ ló ń bá a sọ ọ́. Mo bí márùn-ún, mi ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ swítínà, oyin la lá. WhatsApp náà ti ní swítínà yẹn ń fa jẹjẹrẹ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà:
Ẹ má bínú Àlàájà, mò ń wárí fún yín, àmọ́ oyin náà ṣúgà ni, tó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀ tán iṣẹ́ ṣúgà ló máa ṣe. Dàbínù náà ń kọ́? Bákan náà.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn, ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kan ní ó ṣeé ṣe kí aspartame fà á, ẹ̀rí ò tíì lágbára, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà àwọn tó ń wo ohun tí wọ́n ń fi sóúnjẹ fi òdiwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà, mílígíráàmù 40 fún kílò kan ara èèyàn lójúmọ́. Ẹni tó wọ̀n kílò 70, 2,800 nìyẹn. Aspartame inú sáṣẹ́ẹ̀tì kan ò tó 50. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa mu méjì mẹ́ta, kí ló kàn yín? Àfi ẹni tó bá ní àìsàn àbímọ́ tí wọ́n ń pè ní PKU, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Sucralose, irú swítínà míì, náà ò burú. Irú èyí tó ń jẹ́ sàkárìn ni mo máa ń ní kí aboyún fi sílẹ̀, torí ó ń gba ibi ọmọ kọjá, kì í sì í tètè kúrò lára ọmọ inú.

Ìyá_Zóbò_Òmù:
Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Mo ta zóbò ní Òmù-Àrán fọ́dún mẹ́ta. Nígbà tí ṣúgà wọ́n, sàkárìn ni gbogbo wa ń dà sí i, ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 300, ẹ ò rí i pé ìwọ̀nba bíńtín ti tó ìkòkò ńlá, ta ló sì ń wọ̀n ọ́n? Ọwọ́ la fi ń bù ú. Tẹ́ ẹ bá gbé e mì tí nǹkan korò díẹ̀ ní ìdí ahọ́n yín, òun nìyẹn. Kúnú ojú títì náà ńkọ́! Aboyún tó ń sá fún sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń ra zóbò ní gáréèjì, mi ò mọ ohun tó ń sá fún.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà:
Ẹ ṣeun jàre. Zóbò fúnra ẹ̀ gan-an, kí aboyún rọra. Ìyàwó wa, ẹ padà lọ bèèrè iye tí ṣúgà yín jẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, kí wọ́n sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa jẹun. Òkèlè àmàlà tàbí tùwó rẹpẹtẹ lálẹ́ máa gbé ṣúgà sókè ju tíì lọ, ẹ dín in kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i.

Ìyàwó_Tankẹ:
Háà, zóbò! Méjì ni mo mu lánàá. Mo máa lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìnṣáálàhù. Mo mu tíì láìfi nǹkan kan sí i láàárọ̀ yìí, bí ìgbà téèyàn ń mu àgbo. Màmá ti gbé páálí swítínà lọ síyàrá wọn, èmi náà ti gbé ìgò oyin pamọ́.